Iná Pupa, Abẹ́rẹ́, àti Ìtàn Módẹ́ẹ̀mù

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin jókòó sí yàrá ọ̀kan nínú wa lẹ́yìn ọgbà. Aago méjìlá òru ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́. Nígbà tó ku bí ogójì ìṣẹ́jú, iná kan lára módẹ́ẹ̀mù ilé náà kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di pupa. Kíá, gbogbo wa di dókítà. Ẹni kìíní ní kí a pa á, kí a tún un tàn. Ẹni kejì gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Ẹni kẹta mú abẹ́rẹ́, ó kì í bọ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí gbogbo iná fi kú. Nígbà tí módẹ́ẹ̀mù jí, ó ti gbàgbé ohun gbogbo: orúkọ rẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù, àti gbogbo ètò tí wọ́n ṣe sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá.

Iṣẹ́ wa kò lọ. Máàkì mẹ́wàá bá a lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n tó wá tún un ṣe kò pẹ́ nínú yàrá rárá. Ó bọ́ síta, ó fi wáyà tó já lórí òpó hàn wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, orí ló ń fọ́ ẹni yìí o, ẹsẹ̀ lẹ wá ń fi oògùn pa." Ó so wáyà náà láàárín wákàtí kan. Àtúntò ohun tí abẹ́rẹ́ wa bàjẹ́ ló gba gbogbo ọ̀sán.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa pé: níbo ni a ti kọ́ oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí? Nígbà tí a wá inú ìtàn, a rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn, nítorí ọmọ ilé ohùn ni wá. Iṣẹ́ tí módẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́ ń ṣe kò jìnnà sí ti onídùndún. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju 0 àti 1 lọ, ohùn ènìyàn ni wọ́n sì ṣe wáyà tẹlifóònù fún. Nítorí náà, nǹkan kan gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà di ohùn níhìn-ín, kí òmíràn sì sọ ohùn padà di nọ́ńbà lọ́hùn-ún. Bell 103, tí iléeṣẹ́ AT&T gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1962, ohùn méjì péré ni ìhà kọ̀ọ̀kan fi ń sọ̀rọ̀: ọ̀kan fún 0, ọ̀kan fún 1. Nǹkan bíi lẹ́tà 30 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Láyé ìgbà náà, etí ni wọ́n fi ń wá àléébù. Títí di 1968 tí àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ìdájọ́ lórí ẹ̀rọ Carterfone, iléeṣẹ́ tẹlifóònù kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́ wáyà wọn. Àwọn ènìyàn a gbé ẹnu àti etí tẹlifóònù lé inú ife rọ́bà méjì lórí módẹ́ẹ̀mù. Bí ariwo bá sọ nínú yàrá, ó lè wọ inú rẹ̀, kí lẹ́tà sì dàrú. Ní 1981, Hayes Smartmodem dé. Kọ̀ǹpútà lè pàṣẹ fún un, ó sì ń fèsì: mo ti so pọ̀, tàbí, mi ò gbọ́ ẹnì kejì mọ́. Iná wẹ́wẹ́ tò sí iwájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ń sọ. Ibẹ̀ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ etí.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? NITEL bẹ̀rẹ̀ ní 1985, ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, nǹkan bíi 400,000 ìlà tẹlifóònù ni gbogbo Nàìjíríà ní, fún èrò tó lé ní mílíọ̀nù 100. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé kò fi gbọ́ igbe módẹ́ẹ̀mù orí wáyà rí. Kafé ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti pàdé íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó wá wọlé, afẹ́fẹ́ ló gbà wọlé: módẹ́ẹ̀mù kékeré tí à ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tí síìmù wà nínú rẹ̀. Ti irú èyí, fèrèsé ni oògùn rẹ̀ lóòótọ́, nítorí òpó iléeṣẹ́ ló ń wá. Ẹni kejì wa kò ṣi oògùn mọ̀. Àìsàn ló ṣì mọ̀. Àpótí tó wà níwájú rẹ̀, tí gbogbo wa ṣì ń pè ní módẹ́ẹ̀mù, inú wáyà tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ló ti ń jẹun. Fèrèsé kò kàn án.

Oògùn ẹni kìíní ló bá gbogbo ìgbà mu. Kọ̀ǹpútà kékeré ni módẹ́ẹ̀mù. Iyè rẹ̀ máa ń dàrú, bí a bá pa á tí a tún un tàn, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ látorí ìkíni. Abẹ́rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òun kì í tún nǹkan tàn lásán. Ó ń pa ìrántí rẹ́ ni.

Àléébù mìíràn sì wà tí kò sí nínú ilé rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etí òkun Côte d'Ivoire. Lọ́jọ́ náà, iná módẹ́ẹ̀mù ń tàn bí ewé, ojú ìwé kò sì ṣí. A pa á, a tàn án, a tún pa á. Abidjan ni ọ̀rọ̀ wà.

Nísinsìnyí, ìwé pélébé kan wà lára àpótí náà. Ohun tí a kọ sí i nìyí: Ṣé iná NEPA dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ṣé dátà kò tíì tán? Ṣé wáyà rẹ̀ kò ká, kò sì já? Pa á, ka ọgbọ̀n, tàn án. Bí iná bá ṣì pupa, pe iléeṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ewé tí nǹkan kò ṣí, bi aládùúgbò bóyá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ náà wà lọ́wọ́ ìyá onílé.