Láti ìdí pèrègún dé orí sátẹ́láìtì: bí wọ́n ṣe ń wọn oko wa

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò wa ní Aráròmí-Obu, Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, ẹ ń bi wá pé kí ló dé tí àwọn tó ń ra kòkó fi ń gbé fóònù yí oko ká. Ṣé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Láyé àwọn bàbá wa, pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà. Òyìnbó dé, ó mú ẹ̀wọ̀n irin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66 wá. Ní 1908, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀, òun ló di Federal School of Surveying, Ọ̀yọ́.

Ní 1972, Amẹ́ríkà rán Landsat àkọ́kọ́ lọ sójú òfuurufú kó máa ya fọ́tò ilẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n dá RECTAS sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí wọ́n ṣe ń ka irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. AFRIGIST ló ń jẹ́ báyìí. Ní May 2000, Amẹ́ríkà tún GPS ṣí sílẹ̀ fún aráàlú, kò ṣìnà púpọ̀ mọ́. Ní 2003, Nàìjíríà náà rán NigeriaSat-1 lọ.

Ẹ̀kọ́ GIS tí wọ́n kọ́ wa ní Poli kò ju èyí lọ: kọ̀ǹpútà á to máàpù lé ara wọn. Ọ̀kan fi odò hàn, ọ̀kan oko, ọ̀kan igbó ìjọba. Ojú ẹsẹ̀ lẹ ó rí oko tó wọ inú igbó.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Òfin Yúróòpù ti 2023 ní àwọn ò ní ra kòkó tàbí rọ́bà láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn December 31, 2020. Oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ, bí éékà 10, ojú kan péré tó. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, gbogbo ààlà ni wọ́n máa yà. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, àmọ́ òfin náà ṣì wà.

Nítorí náà, tí wọ́n bá dé:
1. Ẹ bá wọn rìn fúnra yín, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tẹ́ ẹ jọ pààlà.
2. Ẹ̀bá ààlà gan-an ni kí wọ́n tọ̀, kì í ṣe ojú ọ̀nà oko.
3. Ẹ gba ẹ̀dà kan.
4. Máàpù yìí kì í ṣe ìwé ilẹ̀ o. Kò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀, kò sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ má sì fa pèrègún yín tu. Ire oko a jẹ́ tiwa o.