Pupa Lánàá, Dúdú Lónìí

Babaláwo ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn tó bá fẹ́ wádìí ọ̀ràn á da ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí kó pa ikin. Ní ti àwọn Mambila, tí ilẹ̀ wọn wà lápá méjèèjì ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, alántakùn ni wọ́n ń bi léèrè. Ó tóbi, irun bò ó, inú ihò ilẹ̀ ló ń gbé. Awo á fi igi kan àti òkúta kan sẹ́nu ihò, ìdáhùn kan fún igi, èkejì fún òkúta. Á kó ewé tí wọ́n ti fá àmì sí síbẹ̀, á sì fi ìkòkò bò ó. Bí alántakùn bá jáde, á tú ewé ká, ibi tó bá kó wọn sí ni awo yóò kà. Nggàm ni wọ́n ń pe irú ìwádìí yìí.

Àwọ̀ ara alántakùn kọ́ ni awo ń wò. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Òyìnbó ló sọ àwọ̀ di ọjà.

Ní 1897, Reginald Pocock ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù sọ alántakùn kan láti Kamẹrúùnù ní Hysterocrates gigas. Òkú inú ọtí ni irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yẹ̀ wò, ọtí a sì máa ṣá àwọ̀. Ìgbà tí àwọn èèyàn wá ń sìn ín láàyè nínú àpótí gíláàsì ni àṣírí àwọ̀ rẹ̀ tú. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ British Tarantula Society sílẹ̀ ní 1984, irú ẹranko yìí ti di ohun ọ̀sìn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùtà ń pe gigas ní alántakùn pupa ti Kamẹrúùnù.

Oníbàárà á ra pupa lóòótọ́. Tó bá yá, ẹran náà ò jẹun mọ́, á dí ẹnu ihò rẹ̀, á fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, á sì bọ́ awọ. Ohun tó jáde á dúdú bí àrán! Kì í ṣe jìbìtì. Awọ tuntun ti wà lábẹ́ èyí tó gbó. Irun tó ti ṣá, tó ti ń pọ́n bí irin tó dógùn-ún, ló bá awọ àtijọ́ lọ. Dúdú náà á tún máa ṣá díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà míì tó bá fẹ́ bọ́ awọ.

Ti erékùṣù Martinique, Caribena versicolor, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ búlúù, ìyẹn ló ń wọ ọ̀pọ̀ olùrà lójú. Bó ti ń bọ́ awọ léraléra, ẹ̀yìn rẹ̀ á di aláwọ̀ ewé, irun pupa á bo ikùn rẹ̀. Aṣọ ẹtù Ìsẹ́yìn, inú ìkòkò aró ló ti gba àwọ̀ rẹ̀. Búlúù alántakùn ò ní aró kankan nínú: ìwádìí tó jáde ní 2015 fi hàn pé bí irun náà ṣe tò nínú lọ́hùn-ún ló ń dá ìmọ́lẹ̀ búlúù padà, àti pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni búlúù yìí ti hù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìdílé wọn. Nítorí náà, bí awọ tuntun bá wá pẹ̀lú irun tó tò lọ́nà mìíràn, búlúù tí olùrà sanwó fún ti bá awọ àtijọ́ lọ.