Ìgbàgbé àti orí tó ṣú: nígbà tí àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì bá gba àyè iyè

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìgòlò lè ta àwìn fún oníbàárà láàárọ̀, kó má sì rántí iye rẹ̀ mọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ iléèwé tó ń múra BEPC lè ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó pa ìwé dé, kó má rí nǹkan kan sọ. Kíá, ará ilé á ní: «Iyè rẹ̀ ti ra», tàbí «Wọ́n ti ń ṣe é». Ẹlòmíì á sáré lọ wá ìsọ̀yè. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, iyè ò ra rárá. Àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló gba àyè tó yẹ kí iyè fi ṣiṣẹ́.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Kí a tó rántí nǹkan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ohun tí a ò fi ọkàn sí kì í wọlé, ohun tí kò sì wọlé, kò sí bí a ṣe fẹ́ mú un jáde. Ẹni tí àníyàn mú, ọkàn rẹ̀ wà lórí gbèsè, lórí àìsàn ọmọ, lórí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la. Etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ọpọlọ rẹ̀ ò gbà á sílẹ̀.

Ti ìrẹ̀wẹ̀sì yàtọ̀ díẹ̀. Òun máa ń fa ìrònú sẹ́yìn: ọ̀rọ̀ á sọnù lẹ́nu, ìpinnu kékeré á di òkè. Ohun búburú máa ń yá iyè lára ju ohun rere lọ, tí ẹni náà fi máa ń sọ pé «nǹkan ò dáa fún mi rí».

Àìsùn tún wà níbẹ̀. Ojú oorun ni ọpọlọ ti máa ń to ohun tó kọ́ lójúmọ́. Bí ìdààmú bá sì pẹ́ lára, cortisol, èròjà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìpayà, lè pọ̀ jù, kó sì máa ni hippocampus lára, ìyẹn apá ọpọlọ tó ń tọ́jú ohun tuntun.

Wọ́n ti rí i ní Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń sọ pé orí ń gbóná, ojú ń ṣú, nǹkan ń rìn lórí, ìwé tí àwọn kà ò sì dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló pè é ní «brain fag», pé ọpọlọ ti rẹ̀. Ní 1994, orúkọ náà wọ ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa; nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àwọn dókítà tó tún un yẹ̀ wò rí i pé àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn fínra. Ìwé kíkà nìkan kọ́ ló ń pa wọ́n lórí.

Ní Ìfọ̀nyìn, tí wọ́n ń kọ ní Ifangni lédè Faransé, ọjà ẹnubodè ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣí ti Ìdírókò tó dojú kọ Ìgòlò. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn olówó sì ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bí ọkàn rẹ̀ ò bá sí nílé.

Ohun tí ẹ lè ṣe lójoojúmọ́

1. Ẹ má gbé gbogbo nǹkan lé orí. Ẹ kọ àwìn sínú káyé lójú ẹsẹ̀, kí oníbàárà tó kúrò níwájú yín. Ẹni tí kò mọ̀wé lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù.
2. Ẹ fún nǹkan ní ibùgbé kan ṣoṣo: kọ́kọ́rọ́ níbí, oògùn níbí, owó níbí.
3. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa fóònù tì bí ẹ bá ń kàwé. Ẹ ka ìpín kékeré kan, ẹ pa ìwé dé, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín.
4. Ẹ tọ́jú oorun. Ẹ máa sùn, kí ẹ sì máa jí, ní àkókò kan náà.
5. Ẹ máa rìn. Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ń ran ọkàn lọ́wọ́.
6. Ẹ ṣọ́ra fún ọtí, tramadol àti oògùn oorun orí àtẹ. Wọ́n lè mú kí ara rọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n wọ́n ń ba iyè jẹ́.
7. Ẹ wá ẹnì kan sọ ọ́ fún. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tí kò rí ẹni bá sọ ọ́, inú rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ sí tọ̀sán-tòru.

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ti ọkàn

Àìtó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn oògùn kan náà lè mú kí orí ṣú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara wò. Fún àgbàlagbà, ìrẹ̀wẹ̀sì lè fara jọ àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń ráhùn fúnra rẹ̀ pé òun ń gbàgbé; nínú àrùn ọjọ́ ogbó, ará ilé ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n dókítà nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́.

Bí ìdàrúdàpọ̀ bá dé lójijì, tí ẹnu wọ́, tí apá kan ara kú, tàbí tí ibà líle bá a rìn, ẹ má dúró dọ̀la. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Níbo ni ẹ lè lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín ní Ìfọ̀nyìn. Abẹ́ agbègbè ìlera Sakété-Ifangni ló wà. Ní Kútọnu, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Jacquot. Ní Avrankou, tí kò jìnnà sí wa, ẹgbẹ́ Saint-Camille ní ibùdó ìtọ́jú. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Bouaké, Côte d'Ivoire. Kì í ṣe dókítà: vọ́kanáísà ni, ó sì di ọlọ́kọ̀ takisí. Nígbà tí owó rẹ̀ run, ìrẹ̀wẹ̀sì mú un débi pé ó rò ó láti pa ara rẹ̀. Ó jáde nínú rẹ̀.

Ìtọ́jú lè jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú oníṣègùn, ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ méjèèjì. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jẹ́. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bí ọkàn ṣe ń fúyẹ́, iyè náà á máa padà, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má pe ọmọ náà ní olódo, ẹ má pe ìyàwó yín ní ọ̀lẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn.