Àpò Omi inú Egungun Ajá: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Kan

Bí ajá bá ń tiro, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú, ìbéèrè kan ni ó ṣáájú: ṣé jẹjẹrẹ ni, àbí àpò omi lásán? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá a óò gé ẹsẹ̀ náà tàbí a óò tún un ṣe.

Ní 1876 ni Rudolf Virchow ní Berlin ṣe àpèjúwe irú àpò bẹ́ẹ̀ nínú egungun ènìyàn. Ní àkókò náà, ẹni tí kò bá la egungun kò lè rí inú rẹ̀, àfi ìgbà tí Röntgen rí ìtànṣán X ní 1895. Ní 1942, Jaffe àti Lichtenstein ní New York ya àpò náà sọ́tọ̀ láàrin àwọn àrùn egungun.

Lọ́dọ̀ oníṣègùn ènìyàn ni oníṣègùn ẹranko ti kọ́ iṣẹ́ náà. Wọn a lu egungun, wọn a fa omi inú rẹ̀, wọn a ha awọ tí ó tẹ́ inú ihò náà kúrò, wọn a sì fi egungun oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n bù níbòmíràn lára ajá náà dí i, kí egungun tuntun lè hù.

Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan kò tó ẹ̀rí. A gbọ́dọ̀ fi maikirosíkóòpù yẹ ohun tí a ha wò. Ẹni tí ó kánjú lè gé ẹsẹ̀ tí ìbá sàn. Ẹni tí ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un lè fi jẹjẹrẹ sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.