Ohun Tí Ojú Máa Ń Fò ní Kàtídírà Wells

Kò sí bí àlejò ṣe lè wọ kàtídírà Wells, ní agbègbè Somerset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ojú rẹ̀ kò ní kọ́kọ́ lọ sábẹ́ ilé-ìṣọ́ àárín. Ọrun òkúta gàgàrà ló wà níbẹ̀, ọ̀kan dúró, èkejì dorí kodò lé e, bí àlùmọ́gàjí tó yanu. Ọ̀pọ̀ a máa rò pé iṣẹ́ òde òní ni. Rárá o. Ní nǹkan bí 1313 ni wọ́n gbé ilé-ìṣọ́ náà ga sí i. Ilẹ̀ kò gba ẹrù náà, ògiri sì sán. Láàárín 1338 sí 1348, ọ̀gá mọlémọlé kan, William Joy, fi àwọn ọrun wọ̀nyí ti ilé náà ní ìhà mẹ́ta kó má baà wó.

Ìwé atọ́nà gbogbo ló ń sọ ìyẹn. Orí àwọn òpó apá gúúsù ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, ẹni tó bá padà wá ló sì sábà máa ń gbọ́rùn sókè wò wọ́n.

Lórí òpó kan, olè méjì ń ká èso lóko olóko, agbọ̀n wà lọ́wọ́ wọn. Yí òpó náà ká díẹ̀: wọ́n ti ta olóko lólobó. Yí i ká sí i: ó ti fa ọ̀kan létí. Níkẹyìn, ó ń la irin oko mọ́ èkejì lórí. Kò sí áńgẹ́lì, kò sí ẹni mímọ́. Ẹjọ́ oko lásán ni. Lórí òpó mìíràn, ọkùnrin kan ki ìka bọ ẹnu, ó fa ètè sẹ́yìn, ó ń fi eyín tó ń dùn ún han ayé.

Ibí ni ìtàn ti wọlé. Bíṣọ́ọ̀bù William Bytton Kejì kú ní 1274, wọ́n sì sin ín sínú kàtídírà náà. Àwọn tí àkokoro ń bá jà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbi ibojì rẹ̀ láti tọrọ ìwòsàn. Àwọn òǹkọ̀wé kan wá so ó pọ̀, wọ́n ní nítorí ibojì yìí ni wọ́n ṣe gbẹ́ ọkùnrin tí eyín ń dùn sórí òpó.

Ìtàn náà dùn, àmọ́ ọjọ́ orí òkúta kò bá a mu. Láti ìlà-oòrùn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1180, apá gúúsù yìí sì wà lára ohun tí wọ́n tètè kọ́. Ní 1239 ni wọ́n ya ilé náà sí mímọ́, ọdún 35 kí bíṣọ́ọ̀bù tó kú. Ẹni tó fẹ́ jiyàn lè ní wọ́n lè fi orí òpó sílẹ̀ láìgbẹ́, kí wọ́n padà wá gbẹ́ ẹ. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ewé òkúta tó wà lórí àwọn òpó wọ̀nyí, irú èyí tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù ni pé agbẹ́kúta gbé ohun tó ń rí lójoojúmọ́ sókè: olè, àkokoro, ẹ̀gún (ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀). Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ère yìí gan-an ló ran òkìkí ibojì lọ́wọ́.

Ìta náà ní tirẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń wo nǹkan bí 300 ère tó wà lójú ilé náà níwọ̀-oòrùn. Ihò kéékèèké tó wà láàárín wọn ni wọn kì í rí. Ọ̀nà tóóró wà lẹ́yìn ògiri níbi tí àwọn akọrin ti máa ń dúró láyé àtijọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, kí orin lè gba inú ihò jáde, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì gbà pé àwọn ère ló ń kọrin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Bristol, bọ́ọ̀sì ń ti ibẹ̀ lọ Wells. Bí ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ gba apá gúúsù, kí ẹ sì mú awò tó ń fa ohun tó jìn mọ́ra dání. Orí òpó wọ̀nyẹn ga.