Tágẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ aṣàwárí fún kóró átọ́ọ̀mù ọlọ́pọ̀ nútírọ́ọ̀nù

Tágẹ́ẹ̀tì ni ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì máa ń darí ìtànṣán kọlù nínú àdánwò lórí kóró átọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ aṣàwárí ni ó ń ka ohun tí ó bá ta jáde níbi ìkọlù náà. Kóró ọlọ́pọ̀ nútírọ́ọ̀nù ni èyí tí nútírọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í tú ká lọ. Líthíọ̀mù tí ó wọ́pọ̀ jù ní nútírọ́ọ̀nù 4. Líthíọ̀mù-11 ní 8.

Ìṣòro tágẹ́ẹ̀tì

Líthíọ̀mù-11 kò ṣeé fi ṣe tágẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ìdajì rẹ̀ ti máa ń pòórá láàárín nǹkan bí ìdá 9 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí ṣe yí iṣẹ́ sódì: kóró tí ó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n sọ di ìtànṣán, háídírójìn sì ni tágẹ́ẹ̀tì. Bí tágẹ́ẹ̀tì bá fẹ́lẹ́, ìkọlù á ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá nípọn, ìkọlù á pọ̀, ṣùgbọ́n ìtànṣán á ti pàdánù agbára lọ́nà, a kò sì ní mọ ibi tí ìkọlù ti wáyé gan-an.

MINOS, tí wọ́n ṣe ní Saclay ní ilẹ̀ Faransé, tú kókó yìí. Háídírójìn olómi tí ó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ni tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Yàrá onígáàsì tí ó yí i ká ń tọ ipasẹ̀ àwọn pírótọ́ọ̀nù padà sí ibi tí wọ́n ti ta jáde. Òun ni wọ́n lò ní RIKEN, ní Jàpáánù, fún níkẹ́ẹ̀lì-78 (pírótọ́ọ̀nù 28, nútírọ́ọ̀nù 50), tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Akẹ́kọ̀ọ́ láti Sàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ kò ní láti kọjá ilẹ̀ Yorùbá kí ó tó rí ibi tí a ti ń lo irú ọgbọ́n yìí. Ní ibùdó CERD, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ Pelletron kan wà tí ó ní mílíọ̀nù fólítì 1.7. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń ti ohun kan náà síwájú, nípa bẹ́ẹ̀ pírótọ́ọ̀nù lè ní agbára mílíọ̀nù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fólítì 3.4, hílíọ̀mù 5.1. Èyí kéré jìnnà sí ohun tí a fi ń ṣẹ̀dá kóró ọlọ́pọ̀ nútírọ́ọ̀nù; èròjà inú ilẹ̀, eruku afẹ́fẹ́ àti irú wọn ni wọ́n ń fi í yẹ̀ wò.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà to àwọn ẹ̀rọ aṣàwárí rẹ̀ tọ́ sí àfiyèsí. Ọ̀kan wà ní ìgun 165, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí ẹ̀yìn, láti gba hílíọ̀mù tí ó bá ta padà: bí kóró tí ó kọlù bá ṣe wúwo tó ni agbára tí ó gbé padà á ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n háídírójìn fúyẹ́ ju hílíọ̀mù lọ, kò lè ta á padà sẹ́yìn láé. Ìdí nìyí tí òmíràn fi wà níwájú, ní ìgun 30, láti mú háídírójìn tí hílíọ̀mù bá ti jáde. Ìdí kan náà ni ó fà á tí àwọn ẹ̀rọ tí ń mú ìtànṣán ọlọ́pọ̀ nútírọ́ọ̀nù ní RIKEN fi máa ń wà níwájú tágẹ́ẹ̀tì: kóró tí ó wúwo kì í ta padà lára háídírójìn.