Àwọn ìpele ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà

Ìpele ilé ẹjọ́ ni ètò tí òfin fi ń sọ ibi tí ẹjọ́ kan yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ, àti ibi tí ọ̀rọ̀ yóò parí sí. Ní Nàìjíríà, ìwé òfin ọdún 1999 ló to àwọn ilé ẹjọ́ ńláńlá; òfin ìpínlẹ̀ ló dá ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀.

Ìsàlẹ̀ yìí ni èrò pọ̀ sí jù. Kóòtù ìbílẹ̀ ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó tí a fi àṣà ṣe, ìtọ́jú ọmọ àti ogún pínpín. Àmọ́ tọkọtaya tó bá fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísírì kò lè kọ ara wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ló lè tú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ká. Kóòtù májísíréètì ń gbọ́ ẹjọ́ ìjà, olè jíjà, gbèsè kékeré àti ti onílé pẹ̀lú ayálégbé. Ibẹ̀ náà ni ọlọ́pàá sábà máa ń kọ́kọ́ gbé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé májísíréètì kò láṣẹ láti dá ẹjọ́ náà. Wọn á fi í sí àtìmọ́lé, á sì máa retí ilé ẹjọ́ gíga. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni kò tíì gba ìdájọ́ kankan, ọ̀rọ̀ náà sì burú.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ilé ẹjọ́ gíga tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ń gbọ́ ọ̀rọ̀ owó orí ìjọba àpapọ̀ àti kọ́sítọ́ọ̀mù. Òmíràn tún wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ẹgbẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá èkejì. Ẹni tó bá ṣi ẹnu ọ̀nà wọ̀ lè ṣẹjọ́ fún ọdún púpọ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó já sí asán, torí pé a lè gbé ìbéèrè bóyá ilé ẹjọ́ láṣẹ dìde nígbàkígbà, kódà ní òkè pátápátá.

Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́, Èkó àti ibòmíràn. Adájọ́ mẹ́ta ló sábà máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́. Ẹni tó pàdánù ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí gbèsè ní ilé ẹjọ́ gíga ní oṣù mẹ́ta láti pe ẹjọ́. Ti ọ̀daràn jẹ́ 90 ọjọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùpẹjọ́ kò mọ̀ rèé: wọn kì í tún ẹlẹ́rìí pè níbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tó ti ìsàlẹ̀ wá ni wọ́n ń yẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá adájọ́ tẹ̀lé òfin. Ìwé tí ẹ kò mú wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣòro gan-an kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ yín lókè. Nítorí náà ni lọ́yà tó dáńtọ́ fi yẹ kó wà níbi tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Títí di 1963, Lọ́ńdọ́nù ni òpin ẹjọ́. Nígbà tí Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, gómìnà ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, yọ Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà, nípò ní 1962, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá Akíntọ́lá láre. Ní oṣù karùn-ún 1963, àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ́nù yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n dá Adégbẹ́nró, ẹni tí gómìnà fi rọ́pò Akíntọ́lá, láre. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yára tún òfin ṣe, ó mú un padà sẹ́yìn dé 1960, ìdájọ́ Lọ́ńdọ́nù kò sì ní ipá mọ́. Ní oṣù kẹwàá 1963 tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò lọ́ba, ọ̀nà Lọ́ńdọ́nù ti pa dé.

Láti ìgbà náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó wà ní Àbújá báyìí, ló ń sọ ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn. Adájọ́ àgbà àti àwọn adájọ́ tí kò gbọ́dọ̀ ju 21 lọ ló wà níbẹ̀. Márùn-ún ló máa ń jókòó; bó bá kan ìtumọ̀ ìwé òfin, wọn á di méje. Ìjà láàárín ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ máa ń lọ síbẹ̀ tààrà: ní 2004 wọ́n sọ níbẹ̀ pé ààrẹ kò láṣẹ láti dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dé ibẹ̀ láìtọrọ àyè. Bí wọ́n bá fi ìdí ìdájọ́ náà múlẹ̀, àforíjì ààrẹ tàbí gómìnà nìkan ló kù fún un.